Ẹ̀rín Ọ̀sán Sátidé

Lọ́sàn-án Sátidé, Àjàmú àti Ìbídùn, ọmọ rẹ̀ ọdún méje, ń rin ìrìn wákàtí kan tí òfin là sílẹ̀, láìsí fóònù. Ẹ̀gbà ọwọ́ ọmọ náà ló ń ka ẹ̀rín rẹ̀. Ilé ti súnmọ́, ẹ̀gbà ṣì pupa: ẹ̀rín tí òfin béèrè kò tíì pé.

A kì í pàlọ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n eré mìíràn ti tán lọ́wọ́ Àjàmú.

"Ààlọ́ o."

Dípò kí Ìbídùn dáhùn, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, tí ẹ̀gbà náà sì di àwọ̀ ewé.

"N ò tíì pa á, kí lò ń rẹ́rìn-ín sí?"

Ó di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ mú gírígírí.

"Bàbá mi, ṣé ó ti tó? Ṣé wọn ò ní wá mú èmi náà bí wọ́n ṣe mú bọ̀dá mi?"