Onílé Tó Kọ̀ Láti Kan Ilẹ̀kùn Ayálégbé

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ wá fò ó o. Ẹ kà á tán, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, "Èmi kẹ̀? Òṣèlú? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

1.
Àlájì Bùràímọ̀ ni alága ẹgbẹ́ onílé ní òpópónà wa ní Ìbà. Ilé oníyàrá mẹ́jọ ló kọ́, àwọn ọmọ yunifásítì àti àwọn oníṣòwò ló ń gbé ibẹ̀. Bí gọ́tà bá dí, òun ló máa kọ́kọ́ gbé ṣọ́bìrì. Nígbà tí ìbò káńsù ń bọ̀, àwọn àgbà mẹ́ta wá bá a nílé.

"Àlájì, ẹ jáde fún kánsẹ́lọ̀. Kò sí ẹni tó mọ wọ́ọ̀dù yìí tó yín."

"Rárá o. Òṣèlú dọ̀tí, èmi sì ti wẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n Tàíbátù ìyàwó rẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. "Bàbá Kàmọ́rù, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Kí lẹ ń sá fún gan-an?"

"Kí n wá máa kan ilẹ̀kùn àwọn tẹ́náǹtì mi, kí n máa bẹ̀ wọ́n fún ìbò? Èmi Bùràímọ̀? Láéláé!"

Ẹ ò rí nǹkan! Ìgbéraga ló pe orúkọ rẹ̀ ní ìmọ́tótó.

2.
Mùjídàt ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní Ajangbadi. Ó ti gbé ilé Àlájì fún ọdún mẹ́sàn-án, òun ló sì máa ń parí ìjà àwọn ayálégbé. Nígbà tó gbọ́ pé Àlájì kọ̀, ó wá sí ìpàdé onílé lọ́jọ́ Sunday. Ẹ rántí pé ayálégbé kì í wọ ìpàdé onílé ládùúgbò wa. Ẹnu ọ̀nà ló kúnlẹ̀ sí.

"Ẹ̀yin bàbá wa, bí Àlájì ò bá jáde, èmi á jáde. Ẹ ṣáà tì mí lẹ́yìn."

Àlájì fajú ro. "Mùjídàt, ìpàdé onílé nìyí. Ẹni tó lè kẹ́rù lọ lọ́la, òun ló fẹ́ ṣojú wa?"

Kò sẹ́ni tó gbèjà rẹ̀. Ó dìde, ó ní ó dàbọ̀. Ó ń dùn mí títí dòní, nítorí èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí wà níbẹ̀, mo sì panu mọ́.

3.
Ọkùnrin kan tí kò mọ àdúgbò wa ló gba fọ́ọ̀mù. Kò sẹ́ni tó bá a du ipò náà, ó kàn wọlé wẹ́rẹ́ ni. Lọ́dún kejì, káńsù wá ṣe títì. Àwọn òṣìṣẹ́ bi kánsẹ́lọ̀ léèrè ibi tí omi máa gbà. Inú mọ́tò ló jókòó sí tó nawọ́.

Ilé Àlájì ló nawọ́ sí.

Títì ga ju ilé lọ. Òjò oṣù kẹfà kún gbogbo yàrá, ògiri kíṣìnì sì wó. Ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn ni àwọn ayálégbé ń kẹ́rù. Mùjídàt náà kó lọ sí ilé òdìkejì títì. Àlájì lọ bá kánsẹ́lọ̀ ní ọ́fíìsì.

"Bàbá, òpópónà yín yẹn, apá ibo ló wà gan-an?"

Àlájì délé, ó sunkún. "Tàíbátù, èmi ni mo fún un ní àga yẹn."

4.
Nígbà tí ìbò míì dé, Àlájì ní kí gbogbo ayálégbé máa wọ ìpàdé. Ó wá sọdá lọ bá Mùjídàt.

"Mo ṣẹ̀ ẹ́, ọmọ mi. Dárí jì mí, kí o sì jáde."

"Mo ti gbàgbé, Àlájì. Ṣùgbọ́n a jọ máa rìn ín ni o. Gbogbo yàrá ayálégbé la máa dé."

"Ìwọ ṣáà máa lọ níwájú."

Wọ́n rìn ín títí bàtà Àlájì fi já. Nílé kan, ọmọ yunifásítì tó ń jẹ́ Dámilárá ṣílẹ̀kùn, ẹ̀rù bà á. "Àlájì, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Rárá o. Ìbò rẹ ni mo wá bẹ̀."

Mùjídàt wọlé ìbò. Ó lé lọ́dún kan kí gọ́tà tuntun tó ń ṣe fún wa tó parí, a sì bú u díẹ̀, ṣùgbọ́n omi ti gba ibòmíràn lọ. Yàrá márùn-ún ti ní èèyàn nílé Àlájì. Mẹ́ta ṣì ń rùn, wọn ò tíì ṣeé gbé. Síbẹ̀ inú Àlájì ń dùn, inú tiwa náà ń dùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àga tí ẹ bá kọ̀ kì í ṣófo. Ẹlòmíì á jókòó síbẹ̀, á sì nawọ́ sí ilé yín. Ìwọ tíṣà, ìwọ aránṣọ, ìwọ mẹkáníìkì, jáde! Bí ìwọ ò bá lè jáde, má dínà mọ́ ẹni tó fẹ́ jáde, ì báà jẹ́ ayálégbé rẹ. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.