Àtẹ̀jíṣẹ́ Ọjọ́ Ẹtì

Ọ̀rọ̀ kan náà ni tíṣà máa ń fi ránṣẹ́ sí òbí mẹ́tàlélógójì ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì.

"Ọmọ yín ṣe dáadáa lọ́sẹ̀ yìí. Ó ń nawọ́, ó sì ń dáhùn ìbéèrè."

Orúkọ ọmọ tó máa ń fi ṣáájú rẹ̀ nìkan ló máa ń pààrọ̀.

Ọkàn rẹ̀ máa ń dá a lẹ́bi díẹ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ jókòó kọ oríṣi mẹ́tàlélógójì?

Ó ti gbé fóònù lọ́wọ́ báyìí, ó fẹ́ fi tòní ránṣẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni káfíńtà kan yọjú sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, tòun ti ìyẹ̀fun pákó lápá.

"Ẹ kú iṣẹ́, Tíṣà. Èmi ni bàbá ọmọbìnrin tó ń jókòó lẹ́bàá fèrèsé."

Tíṣà ń wá ojú ọmọ náà nínú ọpọlọ rẹ̀, kò rí i.

"Háà, ọmọ dáadáa ni! Lánàá gan-an, òun ló kọ́kọ́ nawọ́."

Bàbá náà wò ó títí. Kò tiẹ̀ bínú.

"Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó ti wà ní ọsibítù, Tíṣà. Màmá rẹ̀ ló máa ń ka àtẹ̀jíṣẹ́ yín sí i létí. Ìgbà yẹn nìkan ló máa ń rẹ́rìn-ín."

Bàbá náà gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lápá.

"Ọmọ náà ní ẹ ò tíì mọ̀ pé òun ò sí níbí. Ó bẹ̀ mí pé kí n má sọ fún yín, kí ẹ má baà dáwọ́ dúró."

Bàbá náà wo fóònù ọwọ́ tíṣà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, tòní ò tíì wọlé."