Etí Òsì Abíjà

Ọjọ́ kẹta tí erin kan tí wọ́n ń pè ní Abíjà tẹ ìyàwó Ọdẹ́gbàmí pa lóko, ọkùnrin náà wọ igbó lọ gbẹ̀san, ojú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Fọláwẹ̀, obìnrin ẹ̀ṣọ́ igbó, gbé ẹ̀rọ tó mọ erin kọ̀ọ̀kan lórúkọ tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ náà ló ń darí ìbọn ọdẹ: bí kò bá pe erin ní apààyàn, ìbọn kì í dún.

Erin kan yọ létí odò.

"Àbẹ̀kẹ́ rèé," ni ẹ̀rọ wí. "Kò pààyàn rí."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni Fọláwẹ̀ bẹ̀ ẹ́.

"Ṣé ìwọ lo ṣa ìfun ìyàwó mi jọ?"

Ọdẹ́gbàmí mọ̀ pé etí òsì tó ya ni ẹ̀rọ fi ń dá Abíjà mọ̀. Ló bá ju ọ̀kọ̀, ó fi fa etí òsì Àbẹ̀kẹ́ ya, ẹ̀jẹ̀ tú yàà.

"Abíjà rèé," ni ẹ̀rọ wí. "Ẹ yìnbọn fún un."

Ìbọn dún lẹ́ẹ̀mẹta. Agbárí erin fọ́, ó wó bí òkè. Ọdẹ́gbàmí fa ọ̀bẹ yọ, ó gé ìrù rẹ̀ bí ọdẹ ti í ṣe.

Àfi bí igi ṣe ń ṣẹ́ lẹ́yìn wọn. Erin mìíràn ń sáré bọ̀, etí òsì rẹ̀ ti ya tipẹ́. Ọdẹ́gbàmí yìnbọn, kò dún. Ó tún yìn ín.

"Ẹ fi ìbọn sílẹ̀," ni ẹ̀rọ wí pẹ̀lẹ́. "Abíjà ti kú."