Orúkọ tí Khaemba Pa Rẹ́ Lára Táǹkì

Mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tí ọ̀nà jíjìn ti là yẹ́bẹyẹ̀bẹ yìí búra, ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, kò sí àbùlà níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọwọ́ yín ṣiṣẹ́ jẹun, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á títí dé ìlà tó kẹ́yìn.

1.

Ará Kitale, ní orílẹ̀-èdè Kenya, ni Khaemba. Táǹkì omi òjò ló ń mọ: wáyà nínú, sìmẹ́ńtì lórí rẹ̀. Makokha ló kọ́ ọ níṣẹ́, bàbá kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí Makokha bá rẹ́ táǹkì tán, á mú ìṣó, á kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú sìmẹ́ńtì tútù lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, á wá ní: "Ọjọ́ mẹ́rìnlá." Ìyẹn ni pé kí wọ́n máa wọ́n omi sára táǹkì náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá kí wọ́n tó gba omi sínú rẹ̀. Sìmẹ́ńtì tó bá yára gbẹ, kò lágbára.

Iṣẹ́ wá dá páropáro lọ́dún kan. Gbogbo oníṣẹ́ jókòó sábẹ́ igi níwájú ṣọ́ọ̀bù onísìmẹ́ńtì, wọ́n ń retí ẹni tó máa pè wọ́n. Oṣù mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò pe Khaemba. Nanjala, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti parí ilé ìwé gíga, bá ní:

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n ṣe ìkànnì fún yín lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó wà ní Nairobi tó ń kọ́lé síbí ò lè rí yín lábẹ́ igi."

"Kí la máa gbé síbẹ̀?"

"Fọ́tò iṣẹ́ yín."

Táǹkì tí Khaemba dá mọ tó ṣeé fi hàn ò ju mẹ́ta lọ. Ló bá gun ọ̀kadà, ó lọ káàkiri abúlé, ó ya fọ́tò mọ́kànlá lára iṣẹ́ Makokha.

"Bàbá, Makokha ni wọ́n kọ síbí o."

"Pa á rẹ́."

"Ṣé Bàbá Makokha mọ̀ sí i?"

"Nanjala, ṣé èmi ni mo bí ẹ, àbí ìwọ lo bí mi?"

Ọmọ náà pa á rẹ́ kúrò nínú fọ́tò mọ́kànlá. Lọ́jọ́ náà, Khaemba ò lè jẹ ugali, ọkà àgbàdo tó wà níwájú rẹ̀, tán.

2.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín: ìkànnì ń mú iṣẹ́ wá. Kí oṣù tó yí, fóònù Khaemba ò sinmi mọ́. Ó kúrò lábẹ́ igi. Bó bá ń gun ọ̀kadà kọjá, Makokha á nawọ́ sí i láti abẹ́ igi.

"Àbúrò, o ti di ọ̀gá o! Níbo lo ti ń rí wọn?"

"Àwọn ojúlùmọ̀ ni, ẹ̀gbọ́n."

"Èyí tó bá pọ̀ jù ẹ́ lọ, rántí mi o. Eyín mi ò tíì ká tán, mo ṣì lè jẹun!"

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Khaemba ò dé inú. Báwo ló ṣe fẹ́ pè é? Bí oníbàárà kan bá ṣí ìkànnì náà lójú bàbá yìí ńkọ́?

3.

Tíṣà Nasambu ní ilé ìwé kékeré kan lẹ́yìn ìlú. Ó nawọ́ sí táǹkì tó tóbi jù nínú fọ́tò wọ̀nyẹn, ó ní, "Irú èyí gan-an ni mo fẹ́."

Khaemba nìkan ló mọ ọ́n. Ó wọ́n omi sí i fún ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ karùn-ún, oníbàárà mìíràn pè láti ìlú Webuye: "Bó ò bá dé lọ́la, màá pe ẹlòmíì." Khaemba fọwọ́ kan ara táǹkì. Ó gbẹ. Ó ya fọ́tò rẹ̀ sórí ìkànnì, ó ní kí tíṣà máa gba omi sí i. Òjò sì ń rọ̀.

Lẹ́yìn oṣù kan, Nasambu pè: "Ọ̀gá, táǹkì yín ń làágùn o, omi ń yọ lára rẹ̀."

Ẹ̀rù wá ba Khaemba. Ó gun ọ̀kadà lọ sábẹ́ igi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ bá mi wo nǹkan."

Makokha dìde. Ó mú irinṣẹ́ rẹ̀, ó gun ẹ̀yìn ọ̀kadà.

4.

Àwọn ọmọ ilé ìwé tò síwájú ẹ̀rọ omi pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Nasambu na fóònù sí Makokha. "Bàbá, ẹ wò ó. Èyí tí mo ní kó ṣe fún mi nìyí. Ṣé èyí náà ń làágùn báyìí ni?"

Makokha wo fọ́tò táǹkì tirẹ̀. Ó wo ojú ibi tó ń dán lábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, níbi tí orúkọ rẹ̀ yẹ kó wà. Khaemba ń wo ilẹ̀.

"Rárá," ni Makokha wí. "Èyí ò làágùn rí."

"Ṣé iṣẹ́ Khaemba kọ́ lèyí tó wà nínú fọ́tò?"

"Iṣẹ́ rẹ̀ ni." Ó dá fóònù padà fún un.

Ó fi ìka lu ara táǹkì, kó, kó. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ẹ kó àwọn ọmọ yìí kúrò níbí! Ẹ sáré!" Òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ṣí ojú ihò ìsàlẹ̀ kí omi lè jáde.

Táǹkì là. Omi gbá ife àwọn ọmọ dé títì. Kò sí ọmọ kankan tó fara pa. Makokha ló wà lábẹ́ rẹ̀.

5.

Makokha lo ọjọ́ kan nílé ìwòsàn. Khaemba wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Ẹ̀gbọ́n, orúkọ yín... èmi ni mo ní kí wọ́n pa á rẹ́."

Makokha ò dá sí ọ̀rọ̀ orúkọ. "Ọjọ́ mélòó lo fi wọ́n omi sí i?"

"Márùn-ún."

Bàbá náà pa ojú dé. Ó sọ gbólóhùn kan, kò sì sọ òmíràn mọ́.

Nanjala ti dá orúkọ náà padà sí fọ́tò mọ́kànlá. Fóònù ṣì ń dún. Makokha ni wọ́n ń béèrè. Khaemba ló ń sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pé ó ti kú, àti ohun tó pa á.

Ẹ ṣe ìkànnì yín, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ bá fi ọwọ́ ara yín ṣe ni kẹ́ ẹ gbé síbẹ̀. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ ẹlòmíì pe oníbàárà, oníbàárà á dé, á sì ní kó ṣe irú rẹ̀. Ìkànnì á mú èèyàn dé ẹnu ọ̀nà yín. Kò ní bá yín wọ́n omi sí sìmẹ́ńtì. Ẹ fi ìtàn yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó ń kánjú.

Bí ẹ bá sì bi Khaemba ní ohun tí ọ̀gá rẹ̀ sọ kẹ́yìn, kò ní fi kún un, kò ní yọ níbẹ̀:

"Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo sọ fún ẹ."

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo sọ fún ẹ.