Ìtọ̀ Ẹnu Ọ̀nà Balùwẹ̀

Ilé tí kò sí eku, kí ni wọ́n ń fi ológbò ṣe níbẹ̀? Ohun tí Màmá Àpìkẹ́ ń bi ara rẹ̀ nìyẹn látìgbà tí Fáìzàh, ìyàwó ọmọ rẹ̀, ti gbé Músù wọ ilé wọn ní Dàda Estate. Fáìzàh a bu omi fún un, a gbọn yanrìn tó ń tọ̀ sí. "Ẹ wá wo àbíkẹ́," màmá a wí, a sì yínmú.

Nígbà tó yá, ìtọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó pọ́n díẹ̀ bí omi sóbò. Ó tún kán sórí àga Bàbá Béjidé, ọkọ màmá, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ fọ tìmùtìmù àga náà, ó sì fọ ṣòkòtò rẹ̀ mọ́ ọn. Ọkùnrin tí kò fọ áńkáṣíìfù rí! Àánú rẹ̀ ṣe màmá gan-an.

"O rí ohun tí ẹranko játijàti rẹ sọ ọkọ mi dà?" ó jágbe mọ́ Fáìzàh. "Alágbàfọ̀!"

Fáìzàh kúnlẹ̀. Kì í wojú baba ọkọ rẹ̀, kò sì wò ó lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó gbóhùn sókè bí ẹni pé etí màmá ti di.

"Màmá, ẹ má bínú, àìsàn ni. Bí ológbò bá ń lọ tọ̀ lemọ́lemọ́, tó ń fúnra, tó ń kérora, tó jẹ́ ẹ̀kán ẹ̀kán ló ń jáde, tẹ́jẹ̀ sì wà níbẹ̀, ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ ló ń dí. Akọ ló máa ń ṣe jù, torí ọ̀nà tiwọn tín-ín-rín. Bí ìtọ̀ náà bá wá dá pátápátá, kó má dọ̀la o, ó lè pa á. Rọ́bà kékeré kan ni dókítà máa kì bọ ibẹ̀. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀."

"Ìtìjú ológbò! Èèmọ̀ rèé!" Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àwọn tó kàwé ti ya wèrè tán."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ gbé e lọ sí Iwaraja," ló wí, ó sì fúnra rẹ̀ wá agbọ̀n tí wọ́n gbé Músù sí lọ sọ́dọ̀ Ọmọ́yẹlé, àbúrò màmá. Fáìzàh sunkún bí ẹni tí wọ́n pa lọ́mọ. Màmá pòṣé.

Lọ́jọ́ kejì, ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ gbẹ táútáú.

"Ó gbẹ àbí kò gbẹ?" Màmá fẹsẹ̀ nu ibẹ̀ kí ìyàwó lè rí i. "Oníranù. Ó kù díẹ̀ kó o ní ká gbé ológbò lọ sí Mẹ́kà."

Ojú Fáìzàh ràn kankan. "Ó gbẹ, Màmá? Bàbá ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní balùwẹ̀ látàárọ̀. Kí lo fẹ́ fi wọ́n ṣe?" Màmá ti ń pe Iwaraja kó lè fi ìyàwó ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. "Ọmọ́yẹlé, ṣé olókùnrùn yẹn kò tíì tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ?"

"Olókùnrùn bíi ti báwo, ẹ̀gbọ́n mi?" Ọmọ́yẹlé bú sẹ́rìn-ín. "Yanrìn ló ń tọ̀ sí, a tọ̀ ọ́ dáadáa, a sì bò ó. Ó ti bímọ mẹ́ta sínú agbọ̀n yín."

Màmá yíjú pa dà láti bi ìyàwó pé ṣebí akọ ló ń wí, ó sì bá a lórí ìkúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ náà, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ilẹ̀kùn balùwẹ̀: "Bàbá, ẹ dákun, ẹnu mi ò gbà á láti sọ fún yín lójúkojú ni, ẹ ṣílẹ̀kùn ká máa lọ ọsibítù!"