Rọ́bà Àkọ́kọ́ Tí Ọládẹ̀jọ Máa Kì

Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń kọ́ dókítà níṣẹ́ oògùn oorun fún iṣẹ́ abẹ.

Ọládẹ̀jọ ti fi ọdún kìíní sáré káàkiri wọ́ọ̀dù. Lónìí, ní ọsibítù kan ní Bowie, lókè òkun, ó fẹ́ ki rọ́bà èémí sí aláìsàn lọ́fun.

Bí rọ́bà náà kò bá wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, Dókítà Délọ́lá, ọ̀gá rẹ̀, kò ní buwọ́ lu ìwé ìdánwò rẹ̀.

“Ọmọ tuntun, má jẹ́ kọ́wọ́ ẹ gbọ̀n o,” Joel, nọ́ọ̀sì wọn, ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Rọ́bà wọlé wẹ́rẹ́.

Délọ́lá buwọ́ lùwé.

Bí Joel ṣe jáde, Délọ́lá yára kúnlẹ̀ fún Ọládẹ̀jọ.

“Ẹ má bínú, Prọ́f. Èmi tẹ́ ẹ kọ́ níṣẹ́ yìí n'Íbàdàn ni òfin ibí ní kí n tún máa kọ́ yín.”

“Dìde, ọ̀gá mi. Joel ń bọ̀.”