Irin Ìgbẹ́sẹ̀lé Ẹ̀yìn

Mo ń fi sípánà tú nọ́ọ̀tù tó ti dípẹtà lára alùpùpù àtijọ́ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Òun ni alùpùpù mi àkọ́kọ́. Láàárọ̀ ọ̀la ni iṣẹ́ tí mo fi ọdún méjì wá yóò bẹ̀rẹ̀ ní ìlú kejì, òun nìkan ló sì lè gbé mi débẹ̀. Mo ti fọ púlọ́ọ̀gì, mo ti fa ṣéènì le. Ó ku kí n tú irin ìgbẹ́sẹ̀lé ẹ̀yìn méjèèjì.

Ìyá Abẹ́jidé, opó tó tà á fún mi, dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. "Má tú wọn o, ọmọ mi. Níbo ni ìyàwó rẹ yóò gbé ẹsẹ̀ lé?"

"N kò ní ìyàwó, Màmá. N kò ní ẹni tí mo fẹ́ gbé. Irin tí ẹnikẹ́ni kò lò, ẹrù lásán ni."

"Ọkọ mi kì í dá gùn ún. N kò sì mọ ẹni tó ń gbé títí ó fi kú."

Mo tú méjèèjì, mo kó wọn lé e lọ́wọ́, mo sì dágbére.

Oòrùn ti wọ̀ nígbà tí mo kọjá ilé ìkẹyìn. Láàárín igbó, sípíríǹgì ẹ̀yìn rọra wọlẹ̀. Ọwọ́ tútù méjì di ìbàdí mi mú.

N kò wẹ̀yìn, n kò sì dúró.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́," ohùn kan wí létí mi. "Níbo ni kí n gbé ẹsẹ̀ lé?"